"Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Láàpútọ́ọ̀pù Mi" Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu wa láàárín Ìjàgbó àti Ọ̀fà, pàápàá nígbà tí ọjọ́ àtifi iṣẹ́ sílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀: "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù mi o!" Ẹni tó kọ prógíráàmù C tó ní thread méjì tàbí mẹ́rin nínú yóò gbé e dé iwájú olùkọ́, yóò ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà tó jáde yóò sì yàtọ̀ sí èyí tó rí nílé. Nígbà mìíràn, prógíráàmù náà yóò dúró gbọnrangandan, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Windows ló fà á." "Compiler yìí ti gbó." "Ẹ̀rọ yìí kò lágbára tó."

Èrò tèmi ni pé, nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Àrùn ti wà lára prógíráàmù náà láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́. Ẹ̀rọ kejì kàn tú àṣírí ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo sì fẹ́ fi kún un pé ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ thread, àti ọ̀nà tí a ń gbà gba máàkì lé e lórí, ló ń bọ́ irọ́ yìí tó fi ń sanra.

Ìwé alájọ kan, ọwọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Alájọ kan ní ìwé kan ṣoṣo, ó sì ní ọmọ méjì tó ń bá a gba owó lọ́jà. Lójú ìwé Ìyá Oníṣu, ₦5,000 ló wà níbẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ yọjú wo ìwé, ó rí ₦5,000. Kó tó kọ nǹkan kan, ọmọ kejì náà yọjú, ó rí ₦5,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹni tí Ìyá Oníṣu rán wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ìṣirò lórí ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kọ ₦6,000. Ẹgbẹ̀rún méjì ni Ìyá Oníṣu san, ẹgbẹ̀rún kan ni ìwé gbà. Kò sí ẹni tó jalè, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìṣirò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ọwọ́ méjì wọ inú ìwé kan láìsí ẹni tó dá èkejì dúró.

Bákan náà ni ó rí nínú C. Ẹ wo kóòdù kékeré yìí:

    static long iye = 0;

    void *ka(void *arg) {
        for (int i = 0; i < 1000000; i++)
            iye++;
        return NULL;
    }

Ẹ jẹ́ kí thread méjì ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀. Ohun tí a ń retí ni 2,000,000. Ṣùgbọ́n `iye++` tó dà bí ìgbésẹ̀ kan lójú wa, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni lọ́wọ́ ẹ̀rọ: ka nọ́ńbà jáde, fi ọ̀kan kún un, kọ ọ́ padà. Bí thread kejì bá yọjú sáàárín ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ọmọ alájọ méjì ló dé yẹn. Èyí ni wọ́n ń pè ní data race: thread méjì dé orí ohun kan náà lásìkò kan náà, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ń kọ nǹkan síbẹ̀, kò sì sí àdéhùn kankan láàárín wọn.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìjàkadì ni a fi ń ki ọmọ Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n ìjàkadì ní agbo, ó ní ẹni tó ń wò ó, ó sì ní ìgbà tí wọ́n ń sọ pé ó tó. Thread tí kò ní títì kankan láàárín wọn, ìjà ìgboro ni wọ́n ń jà.

Ohun tí òfin C fúnra rẹ̀ sọ

Ní ọdún 1972 ni Dennis Ritchie ń ṣe èdè C ní Bell Labs. Kò sí ọ̀rọ̀ thread nínú òfin èdè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tó di 1995, wọ́n fi pthreads sínú òfin POSIX, ṣùgbọ́n àjèjì ni ó jẹ́ sí èdè náà: compiler kò mọ̀ pé thread kankan wà. Hans Boehm kọ ìwé kan jáde ní 2005 tí àkọlé rẹ̀ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé a kò lè fi ibi ìkóhun-èlò lásán ṣe thread. Èdè fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. C11, òfin tó jáde ní ìparí 2011, ló ṣe àtúnṣe yẹn. Ó mú `<threads.h>` àti `<stdatomic.h>` wá, ó sì sọ ohun kan tó yẹ kí a kọ sára ògiri yàrá wa: prógíráàmù tó bá ní data race nínú, òfin kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ohun tí yóò ṣe.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Òfin kò sọ pé nọ́ńbà rẹ̀ lè fi díẹ̀ dín. Ohun tó sọ ni pé kò sí ohun tí prógíráàmù náà lè ṣe tí a lè pè ní àṣìṣe compiler tàbí àṣìṣe ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó ń bi wá pé "èwo ló tọ̀nà nínú ìdáhùn Linux àti ti Windows?" ń béèrè ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Kò sí èyí tó tọ̀nà.

Kí ló wá ń yí padà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ?

Compiler ni àkọ́kọ́. Ẹ fi `-O0` kọ kóòdù òkè yẹn, nọ́ńbà tí kò pé ni yóò máa jáde, yóò sì máa yàtọ̀ nígbàkigbà. Ẹ fi `-O2` kọ ọ́, GCC yóò rí i pé fífi ọ̀kan kún un ní ìgbà mílíọ̀nù kan kò yàtọ̀ sí fífi mílíọ̀nù kan kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò pa gbogbo ìyípo náà rẹ́, 2,000,000 yóò sì jáde ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń wo ìdáhùn nìkan yóò ní àrùn ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ni compiler fi bò ó. Níbòmíràn, aṣọ náà ni yóò ká kúrò. Ẹni tó kọ `while (!setan) ;` láti fi dúró de thread mìíràn yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ní `-O0`, ṣùgbọ́n ní `-O2`, compiler yóò ka `setan` lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí kò rí ohunkóhun nínú ìyípo náà tó lè yí i padà. Prógíráàmù yóò dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ni èkejì. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tí à ń lò, pàápàá àwọn tókunbọ̀ HP àti Dell, Intel tàbí AMD ló wà nínú wọn. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀: bí thread kan bá kọ èsì sílẹ̀, tó sì wá gbé àmì sókè pé "mo ti parí," thread mìíràn kò ní rí àmì ṣáájú èsì. ARM kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Lórí ARM, thread kejì lè rí àmì, kó sì ka èsì àtijọ́. ARM ló wà nínú fóònù Android tó pọ̀ jù, òun ló sì wà nínú Mac tí Apple ń ṣe láti ìparí 2020 pẹ̀lú M1. Àwọn Apple fúnra wọn mọ̀ pé èyí léwu débi pé wọ́n fi ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ Intel pamọ́ sínú M1, kí àwọn prógíráàmù tí a kọ fún Intel má baà dàrú nígbà tí Rosetta 2 bá ń bá wọn túmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà àti àwọn ohun èlò tó bá a wá. Ibí yìí ni mo gbà pé platform máa ń yàtọ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn bí ẹni mọ owó:

- Ìwọ̀n stack thread. Lórí Linux wa, 8 MB ló wọ́pọ̀. Lórí Windows, 1 MB. Lórí Mac, thread tí a bá dá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ máa ń gba 512 KB. Bí ẹ bá kọ `double b[100000]` sínú iṣẹ́ thread, 800,000 báìtì nìyẹn. Yóò kọjá lórí Linux, yóò ráre kọjá lórí Windows, yóò sì kú lórí Mac.
- `long`. Lórí Linux oní-64, báìtì 8 ni. Lórí Windows oní-64, báìtì 4 ni. Ẹni tó bá fi `(long)arg` gbé adírẹ́sì ti gé e sí méjì lórí Windows. `intptr_t` ló yẹ kó lò.
- `sem_init`. Lórí Mac, kò ṣiṣẹ́. Ó ń dá àṣìṣe padà. Ẹni tí kò yẹ ohun tó dá padà wò yóò rò pé thread òun ń dúró ní ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wọlé lọ.
- `pthread_barrier_t` kò sí lórí Mac. `pthread_cancel` kò sí lórí Android. `<threads.h>` kò dé glibc títí di 2018, kò dé Visual Studio títí di ìparí 2023, Mac kò sì ní in.
- `volatile`. Compiler Microsoft máa ń fún un ní agbára ìtòlẹ́sẹẹsẹ lórí Intel, èyí tí òfin C kò fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ́ thread lórí Visual Studio fi máa ń búra pé `volatile` tó. Kò tó. Ohun tí C pèsè fún irú iṣẹ́ yẹn ni `_Atomic` àti mutex.
- `Sleep(1)` ti Windows, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni. `sleep(1)` ti Linux, odidi ìṣẹ́jú àáyá kan ni.

Ohun kẹrin wà tí ìwé òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà, tí àwa sì mọ̀ dáadáa: iná. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí láàpútọ́ọ̀pù bá bọ́ sórí bátìrì, ẹ̀rọ náà sábà máa ń dín eré rẹ̀ kù. Àsìkò tí thread kọ̀ọ̀kan ń dé ibi kọ̀ọ̀kan yóò yí padà. Prógíráàmù tó dáa kò ní mọ̀ pé iná ti lọ. Èyí tó ní data race lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí iṣẹ́ yín bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná wà, tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, ẹ má bínú sí NEPA lọ́tẹ̀ yìí. Ó bá yín ṣe ìdánwò ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń bo àṣírí

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ máàkì lásán ni èyí, kó gbọ́ ìtàn Therac-25. Ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni, ilé-iṣẹ́ AECL ti ilẹ̀ Kánádà ló ṣe é. Láàárín oṣù kẹfà 1985 àti oṣù kìíní 1987, ó fún ènìyàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá àlà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú wọn kú. Kì í ṣe C ni wọ́n fi kọ prógíráàmù rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn tí à ń sọ yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ mélòó kan ń lọ pọ̀, wọ́n ń pín nǹkan kan náà lò, kò sì sí títì tó péye láàárín wọn. Ní ìlú Tyler ní Texas, ní 1986, àṣìṣe náà ń jáde nígbà tí òṣìṣẹ́ bá yára tún ohun tó tẹ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí ẹ̀rọ fi ń to irin òòfà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá kò lè rí i. Ìgbà tí ọwọ́ yá ni ikú dé.

Apá tó kan ọ̀rọ̀ wa jù nìyí. Ẹ̀rọ kan wà ṣáájú rẹ̀ tó ń jẹ́ Therac-20. Wọ́n padà rí i pé àṣìṣe kan náà wà nínú prógíráàmù tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò pa ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ní irin àti fíúsì tó ń dá ìtànṣán dúró láìgba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ní Yunifásítì Chicago, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi Therac-20 kọ́ṣẹ́ máa ń tẹ bọ́tìnì bó ṣe wù wọ́n, fíúsì sì ń jó. Fíúsì tó ń jó yẹn ni àmì àrùn. Therac-25 yọ irin ìdádúró yẹn kúrò, ó fi ọkàn tán prógíráàmù. "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Therac-20." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2003, iná lọ ní apá ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà àti apá kan Kánádà, nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ló wà lókùnkùn. Ohun púpọ̀ ló fà á, igi tó kan wáyà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni pé ètò tó yẹ kó ké gbàjarè fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ FirstEnergy ní Ohio ti dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Race condition ló mú un dákẹ́. Ètò kan náà ti ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn láìsí wàhálà, ó sì gba àwọn tó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti rí ìdí rẹ̀.

Bí a ṣe ń wá a, láìgbé ẹjọ́ lọ sílé Windows

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó fi `printf` síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àṣìṣe yóò sì pòórá. A ó yọ `printf`, yóò padà wá. Kì í ṣe àjẹ́. `printf` ń dá thread dúró díẹ̀, ó ní títì tirẹ̀ nínú, ó sì ń mú kí compiler tún ohun tó wà nínú iyàrá ìrántí kà. Ó yí àsìkò padà, ó bo ọgbẹ́. Àwọn mìíràn á fi `sleep` sí i. Ìyẹn burú jù, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. `sleep` kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ó kàn ń bẹ àsìkò pé kó ṣàánú wa.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó tọ́ nìyí. Ẹ mú bírò àti ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó ju thread kan lọ ń fọwọ́ kàn. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ mutex tó ń ṣọ́ ọ. Ibi tí ààyè bá ṣófo, ibẹ̀ ni àrùn wà. Ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá láti Èkó sí Kánò lè kọ́ wa níbí. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ìlànà àtijọ́ ni pé ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà fún apá kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ tí kò bá gba ọ̀pá náà sọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "mo wò ó, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀pá ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pá yẹn ni mutex. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó gbà á ló gbọ́dọ̀ dá a padà, àti pé bí ọ̀pá bá jẹ́ méjì, gbogbo thread gbọ́dọ̀ máa gbà wọ́n ní ìtò kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan yóò di ọ̀kan mú, ẹlòmíràn yóò di èkejì mú, àwọn méjèèjì yóò máa wo ara wọn títí láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Lórí Linux, àṣẹ yìí tó:

    gcc -g -O1 -Wall -Wextra -fsanitize=thread -pthread ise.c -o ise

ThreadSanitizer kì í dúró de ìgbà tí nọ́ńbà bá bàjẹ́. Ó ń ṣọ́ ẹni tó fọwọ́ kan kí ni, yóò sì sọ ìlà méjèèjì tó kọlu ara wọn fún yín. Ó ń jẹ iyàrá ìrántí ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá, ó sì ń fa prógíráàmù sẹ́yìn ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ 4 GB kó dín iye dátà rẹ̀ kù kó tó lò ó. Kò sí lórí MinGW; ẹni tó wà lórí Windows kó lo WSL. Ẹni tí kò bá lè lò ó, Helgrind wà nínú Valgrind. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀nà tí prógíráàmù kò gbà lọ́jọ́ náà, irinṣẹ́ kò lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Bí prógíráàmù bá dúró gbọnrangandan, ẹ so gdb mọ́ ọn, kí ẹ tẹ `thread apply all bt`. Yóò fi ibi tí thread kọ̀ọ̀kan jókòó sí hàn yín.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ kọ ọ́ ní `-O0` àti ní `-O2`. Ẹ ṣí i ní ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi `taskset -c 0` tì í sórí core kan ṣoṣo, kí ẹ tún tú u sílẹ̀. Ẹ yẹ ohun tí gbogbo iṣẹ́ pthread bá dá padà wò. Ẹ rí i dájú pé inú `while` ni `pthread_cond_wait` wà, kì í ṣe inú `if`, nítorí òfin gbà á láàyè kó jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Ẹ wò ó bóyá ẹ fi `&i` ránṣẹ́ sí `pthread_create` nínú ìyípo; adírẹ́sì kan náà ni gbogbo thread gbà yẹn, kí wọ́n tó kà á, `i` ti lọ.

Ẹ tún ní ẹ̀rọ ARM nínú àpò. Ẹ fi Termux sórí fóònù Android yín, ẹ tẹ `pkg install clang`, kí ẹ kọ iṣẹ́ yín níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Core inú ọ̀pọ̀ fóònù kò yára bákan náà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò le bíi ti Intel, nítorí náà ó máa ń tú àṣírí tí láàpútọ́ọ̀pù kò ní tú láéláé. Àwa tí à ń sọ pé a kò ní yàrá ìdánwò, ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa tí à ń fi wo fídíò.

Àwọn tí kò gbà

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àkọ́kọ́: "Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi gba máàkì. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ló kù?" Ohun tó kù ni gbogbo ohun tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó kọ́ pé ìdáhùn tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ti tó yóò gbé ìwà yẹn lọ sí ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ POS. Ẹ ronú nípa account tó ní ₦10,000, tí àṣẹ méjì dé láti yọ ₦8,000 lásìkò kan náà. Àwọn méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì rí ₦10,000, wọ́n sì san án fún méjèèjì. Owó ẹnì kan ti wọgbó.

Èkejì: "C ti di ogbó. Ẹ lọ kọ́ Rust, ẹ lọ kọ́ Go." Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Rust kò ní gbà kí kóòdù tó ní data race kọjá nínú apá rẹ̀ tó ní ààbò, Go sì ní `-race`. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ account òkè yẹn, kò sí èdè tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ kò bá mọ̀ pé yíyẹ̀wò àti yíyọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan. Ìrònú la fi C kọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù, ó sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́: "Iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, iná kò sí, ibo ni mo ti fẹ́ ráyè?" Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò pọn dandan kó wà lọ́rùn olùkọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé èsì ThreadSanitizer rẹ̀ wá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Kó kọ orúkọ compiler, ẹ̀dà rẹ̀, irú ẹ̀rọ àti iye ìgbà tó ṣí i. Ojú ìwé kan péré ni, kò sì gba iná.

Ohun tí mo ń béèrè

Lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún wa ní máàkì lórí nọ́ńbà tó jáde nìkan. Ẹ fi máàkì kan sọ́tọ̀ fún àlàyé: kí ni thread ń pín lò, kí ló sì ń ṣọ́ ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà tí kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, oríire ló ṣe.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kàwé pọ̀ máa pàrọ̀ ẹ̀rọ. Ẹnì kan mú láàpútọ́ọ̀pù Intel wá, ẹnì kan mú fóònù wá, bí ẹnì kan bá ní Mac kó gbé e wá. Kí olúkúlùkù gbìyànjú láti ba iṣẹ́ ẹnìkejì jẹ́. Ọ̀rẹ́ tó ba iṣẹ́ yín jẹ́ lónìí ti gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú ọ̀la.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Ìlọrin, ní òkè òkun: àwa kò béèrè owó. Ẹ bá wa ka kóòdù. Wákàtí kan lóṣù, kí ẹ̀gbọ́n kan tó ti rí àrùn yìí lẹ́nu iṣẹ́ jókòó pẹ̀lú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń wá a.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì tún fẹ́ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù yín, ẹ sọ gbólóhùn náà parí: ìgbà mélòó ni ẹ ṣí i, compiler wo ni ẹ fi kọ ọ́, lórí ẹ̀rọ mélòó, kí sì ni ThreadSanitizer wí? Bí ẹ bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó gbà yín gbọ́.